Òpó Irin Ẹ̀yìnkùlé Wa

Òpó rédíò gogoro kan ni wọ́n fẹ́ gbé dúró lẹ́yìnkùlé wa ní àdúgbò Madagascar, lásìkò tí ìjà lórí ilẹ̀ Bakassi sọ gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Douala di ẹran ìdọdẹ fún jàǹdámù, àwọn ọlọ́pàá ológun ibẹ̀. Ọkọ mi ló gba iṣẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kòtò rẹ̀ ò jìn, torí pé téèyàn bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, omi ni. Mo bi í pé, ṣé irin ńlá yìí ò ní rì?

Ó rẹ́rìn-ín. "Rírì kọ́ lẹ̀rù mi, híhú ni. Tí atẹ́gùn bá ti òpó, ẹsẹ̀ kan á tẹ ilẹ̀, èkejì á fẹ́ hú jáde. Mo ti fẹ ìdí kankéré yìí. Amọ̀ tá a bá dà lé e lórí ló máa dì í mú. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ la ó máa dà á, ká máa gún un kó le. Amọ̀ rírọ̀ tó kún fómi ò lè di nǹkan kan mú."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó yẹ kí wọ́n dà á, ìyá ọkọ mi wá dúró létí kòtò. "Amọ̀ ò ní sá lọ. Ẹ lọ kírun!" Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti bá wọn jiyàn? Ọkọ mi àtàwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ṣe àlùwàlá, wọ́n lọ. Ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí ni jàǹdámù ti ń dúró dè wọ́n. Gbogbo wọn pátá ni wọ́n kó.

Kí wọ́n tó tú ọkọ mi sílẹ̀, olówó òpó ti fi ọkọ̀ da amọ̀ tútù kún kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti gbé irin rẹ̀ nàró. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kóun tún un ṣe. Ó ní kí ará Bakassi pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí ayé! Ta ló máa gbà wá sílé lọ́dún yẹn ká lè kó kúrò níbẹ̀? Ayé sú mi. Ohun tó ń bọ̀ wá pa wá, ojú wa ń wò ó.

Òjò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì jà, ẹsẹ̀ òpó náà hú bí ẹ̀gẹ́ nínú ẹrẹ̀, ó wó lé ilé ìdáná wa. Ìyá ọkọ mi wà nínú ẹ̀.

Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí wọ́n ń sin ìyá ọkọ mi. Ọkọ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Á bu díẹ̀, á kúnlẹ̀, á fi ẹ̀ṣẹ́ gún un. Àbúrò ìyá rẹ̀ dì í léjìká mú.

"Ọmọ mi, ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní hú."

Ọkọ mi tún bu òmíràn, ó ń gún un.