Káàdì Ọlọ́jọ́ Àádọ́rùn-ún

Fóònù kan ṣoṣo ló ń gba dátà nílé wa ní Ṣakí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí tirẹ̀ nìkan. Ojú fèrèsé pálọ̀ ló máa ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ wáàsí á gbé e, ẹni tó bá fẹ́ pe àwọn ará Ogbooro á gbé e, tó bá sì ṣe tán á dá a padà síbẹ̀. Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń lo fóònù láti kékeré mi. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn: n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan nílùú wa ló ní kí n ṣe sáìtì fún àwọn, kí aláìsàn lè máa rí ọjọ́ tó yẹ kó padà wá àti ìtọ́jú tó máa gbà, láìjẹ́ pé ó ń gun ọ̀kadà wá béèrè. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí. Tí o bá tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ wọlé, kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn á fún fóònù rẹ ní káàdì kékeré kan tí à ń pè ní kúkì. Nígbàkúùgbà tí fóònù náà bá fi káàdì yìí hàn, kọ̀ǹpútà á jẹ́ kó wọlé láìbéèrè ohunkóhun mọ́. Káàdì ò mọ ojú ènìyàn. Kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ìyàwó ilé ni fóònù wà àbí ọwọ́ ìyá ọkọ. Ẹni tó ṣe sáìtì ló máa sọ iye ọjọ́ tí káàdì á fi ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn ń gbàgbé páswọ́ọ̀dù wọn, mo sì fẹ́ kó rọrùn fún wọn. Mo kọ ọjọ́ àádọ́rùn-ún.

Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, obìnrin ará Tẹ̀dé kan, bi mí pé tí ẹni mẹ́ta bá ń lo fóònù kan ńkọ́. Mo ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnì Jáde, tó ń pa káàdì rẹ́. Ó ní ṣé wọ́n á rántí. Ara mi gbóná. Èmi tí mo fi odindi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn, ṣé ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ló máa wá kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà? Mo sọ fún un lójú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Ó kàn ní ó dáa. Bọ́tìnì Jáde tí mo ń fọ́nnu lé lórí yẹn, igun òkè ni mo fi í pamọ́ sí, kò ju hóró ọkà bàbà lọ.

Ẹni tó ń fi iṣẹ́ mi yangàn jù nílé ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, nítorí náà ọjọ́ tó wọlé wa ló ti sọ mí ní Akọ̀wé. Akọ̀wé mi ti jẹun? Akọ̀wé mi ti dé? Bí ó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, orí mi á wú. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Ìyá wa ò mọ ohun tí wọn ì bá tún ṣe ju ààwẹ̀ lọ. Gbogbo Àtìní àti Àlàmísì ni wọ́n ń gbà á, kí Ọlọ́hun lè fún un lọ́mọ.

Àlàmísì kan nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn ìrun Àlàásáárì, ìyá wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ètè wọn ti gbẹ. Ìyàwó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń ṣa gbodo, iṣu gbígbẹ tí à ń lọ̀ fún èlùbọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti orí àpáta. Màmá gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn wo ọjọ́ tí àwọn máa lọ fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Inú mi dùn, iṣẹ́ ọwọ́ mi kúkú ni. Mo ṣí sáìtì náà, kò béèrè páswọ́ọ̀dù, mo tiẹ̀ ń yin ara mi pé ẹ ò rí bó ṣe rọrùn. Nọ́ńbà aláìsàn ló wà lókè, kò sórúkọ. N kò wo nọ́ńbà. Mo gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ mi.

"Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin."

Ọwọ́ ìyàwó dúró lórí gbodo. Ibẹ̀ lojú mi ti là: ojú ewé ìyàwó ni mo ń kà. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Mo ní bóyá sáìtì ló ṣì í. Màmá ní ṣebí èmi ni mo sọ pé kì í ṣàṣìṣe. Wọ́n wo ìyàwó, ìyàwó ò gbórí sókè. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé dókítà ló ní kí ó sinmi fọ́dún méjì kí oyún mìíràn má baà pa á, pé ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ sí i, àti pé ìjà ni wọn ò fẹ́ tí wọ́n fi pa á mọ́.

Màmá ò pariwo. Wọ́n ní, "Gbogbo ààwẹ̀ tí mo gbà lọ́dún yìí, ṣé ẹ kàn ń wò mí ni?"

Oòrùn ò tíì wọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi nínú àmù, wọ́n mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Òfìkì. Èmi náà jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo ṣe é kí káàdì máa kú bí ènìyàn bá ti pa ojú ewé dé, tàbí bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí kò fọwọ́ kàn án. Mo gbé Jáde sísàlẹ̀, mo sọ ọ́ di gbàǹgbà. Kò gbà mí ju àsìkò tí èèyàn fi ń jẹ àwo ẹ̀bà kan lọ. Ojú tì mí pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún nọ́ọ̀sì àgbà. Kò fi mí ṣẹ̀sín, ì bá tiẹ̀ sàn kó fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn ní Ọjọ́rú ti kọjá o, àwọn ò rí ìyàwó wa kó wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òfìkì. Ìyàwó jáde sí mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé omi wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó dá mi dúró.

"Lọ́jọ́ tí mo lò ó kẹ́yìn, mo pa á dé. Ṣé n ò pa á dé dáadáa ni?"

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Mo ní ó pa á dé dáadáa, pé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí dókítà wí, Màmá fúnra wọn ló padà lọ mú un wálé, wọ́n sì ń bá a lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ báyìí. Kò bá mi jà rí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kí mi pé, "Ẹ káàbọ̀, sà." N kò gbọ́ Akọ̀wé lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Fóònù ṣì wà lójú fèrèsé, kì í fọwọ́ kàn án. Tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ rẹ̀, ọ̀kadà ló ń gùn lọ béèrè.