Ooru Ìdí Agbada Gàrí

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìdáàṣà, àwọn obìnrin kì í dá gàrí yan. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á yan ti ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ti bá yan tirẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sílé nígbà tó bá kan ẹlòmíràn. Wọ́n ti yan ti ìyàwó mi tán kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Eyín ló kọ́kọ́ dùn ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, wíwú náà sì tún lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ibà dé. Yóò ra oògùn oníhóró lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri ọjà, yóò lo díẹ̀, ara á tutù, yóò sì padà sídìí agbada. Bí mo bá ní kó sinmi, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀.

“Iná ni, bàbá ọmọ mi.”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó olùkọ́ ti di ọ̀lẹ, àbí oyún àgbà ni? Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i tó dúró mí èémí lẹ́ẹ̀mejì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta ẹ̀yìn ilé wa, ibi tó máa ń gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ gùn tẹ́lẹ̀, tí yóò tún máa sọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan. Ní ilé ìwòsàn kejì, dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ pẹ́. Ó wá fi ọkàn rẹ̀ hàn mí lójú ẹ̀rọ: ohun kékeré kan rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn inú ọkàn náà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ó ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀. Ó ní kòkòrò ló kóra jọ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ibi eyín.

“Oògùn díẹ̀díẹ̀ tí ìyàwó yín ń lò yẹn kò pa kòkòrò náà. Ó kàn fi í pamọ́ lójú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni.”

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n so oògùn mọ́ iṣan rẹ̀. Dókítà ní bí ilẹ̀kùn náà bá bàjẹ́ jù, àfi kí a gbé e lọ sí Kútọnu fún iṣẹ́ abẹ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kí ègé kan já kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sí ọpọlọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pe ìyàwó mi tí kò tètè dáhùn, màá dìde lọ wo ojú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, ó ń mu ògì, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. A kò dé Kútọnu kó tó kú.

Ọmọbìnrin wa ló ń dúró fún ìyá rẹ̀ báyìí, nítorí gàrí àwọn tó kù kò tíì kárí. Lánàá mo kọjá nídìí agbada, mo rí òógùn lọ́rùn rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó gbóná. Kò tilẹ̀ yíjú.

“Iná ni, Bàbá.”

Mo gbé àpótí síta, níbi tí ooru kò dé, mo ní kó wá jókòó tì mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń dúró kó tutù.