Kòkòrò Inú Ilá Bàbá Mi

Ìṣápá ni bàbá mi máa ń gbìn yí ilá wọn ká. Mo ti bi wọ́n rí pé ta ni yóò jẹ gbogbo ìṣápá yẹn. Wọ́n ní ti kòkòrò ni. Kòkòrò kékeré kan wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, ó fẹ́ràn ewé ilá, ó sì fẹ́ràn ewé ìṣápá. Bó bá ti kọ́kọ́ pàdé ìṣápá, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Bàbá mi ní àlejò tó bá ti yó lẹ́nu ọ̀nà, kí ló tún ń wá nínú yàrá?

Nígbà tí wọ́n kú, ilá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó. Ìyá mi wà nínú opó, wọn ò lè sọdá títì dé ìdí ilá náà, bẹ́ẹ̀ iwájú ilé wa ní Ìjemọ̀ ló wà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: kí ilá yẹn má kú, kí àwọn lè rí irúgbìn mú níbẹ̀ táwọn bá jáde opó. Wọn ò béèrè ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wọn ní Ìtòkú rárá. Ilá ni wọ́n ń béèrè.

Lọ́jọ́ fídáù, àwọn ìbátan tó wá dáná rí i pé ọbẹ̀ ò ní tó. Ni wọ́n bá wọ oko, wọ́n já ìṣápá kanlẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan ilá. Wọ́n ní ọwọ́ olóògbé ló gbìn ín, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ó ṣe tán, wọ́n rò pé àwọn ṣe dáadáa. Èmi náà jẹ nínú ọbẹ̀ ọ̀hún. Mi ò mọ adùn rẹ̀, mi ò mọ ìkorò rẹ̀.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tí mo fi máa dé ní Sátidé, ewé ilá ti dà bí asẹ́. Mo ku eérú sí i nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èmi tí mo máa ń tètè bínú, inú ò bí mi. Gbogbo ara mi kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Mo já ewé kan, mo mú un wọlé fún ìyá mi. Wọ́n gbé e sójú fèrèsé, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ta ló já ìṣápá. Mo sọ fún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí bàbá mi wà láyé:

"Má tíì sọ fún bàbá yín o. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun ná."

Mo ní mi ò ní sọ. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi ni ẹkún gbọ̀n mí.