Ibùsùn Ẹ̀bá Fèrèsé

"Mọ́mì, nílé tí à ń lọ yìí, apá ibo ni ilẹ̀kùn wà?"

Hazel ló bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè yìí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ń di ẹrù lọ́wọ́. Avril Rudd, ìyá rẹ̀, dúró pẹ̀lú àwo tó ń fi bébà wé, òun náà kò tíì fojú kan ilé ọ̀hún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ sọ́jà, oríṣiríṣi ìbéèrè ni wọ́n ti bi òun, ṣùgbọ́n èyí nìkan ló wọ òun lára dé egungun.

Ọmọ náà nídìí tó fi béèrè. Nílé tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn, ní òru àkọ́kọ́ tí wọ́n sùn níbẹ̀, ó jí láti lọ tọ̀, ó sì ń wá ilẹ̀kùn síbi tó máa ń wà nílé àtijọ́. Ògiri ló bá. Ó ń fọwọ́ ra ògiri kiri títí ìtọ̀ fi dà sí i lára. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa tan iná, ó ti dúró gbọnin, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí olùkọ́ ń fìyà jẹ.

Àwa ìyàwó sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ wa wà ní Jámánì láyé ìgbà yẹn, a kò nílé. Ilé ìjọba là ń gbé. Ibùsùn, àga, kọ́tìnì, títí dé ṣíbí tí a fi ń ro tíì, ìjọba ló ni wọ́n. Ó lè jẹ́ ọdún méjì, ó lè má tó bẹ́ẹ̀, wọn a ní ẹ kó, ẹ ó sì kó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ọ̀gá tó ń mójú tó ilé á wá, á fi ìka nu orí ilẹ̀kùn wò bóyá eruku wà níbẹ̀, á wo inú ààrò, á wo ògiri. Gbogbo ògiri náà ló ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀ bí ọ̀rá orí wàrà. Ẹ kò gbọdọ̀ kùn ún, ẹ kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn. Ẹni tó bá kan ìṣó á fi ọṣẹ ìfọyín dí ojú ihò kí ọ̀gá tó dé. A máa ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀ pé ọṣẹ ìfọyín tí ògiri ìjọba ti jẹ ju èyí tó kan eyín àwọn ọmọ wa lọ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ilé rí bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí.

Avril kì í ṣe ẹni tí irú ayé bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn. Ọmọ awakùsà ni, láti ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wa. Ilé tí wọ́n bí i sí náà ló ti lọ́kọ, orí ibùsùn kan náà ló sì ń sùn títí di àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Obìnrin kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní aṣọ rírán, òun ló kọ́ ara rẹ̀. Dennis, ọkọ rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ ẹrù fún àwọn ọmọ ogun, aláwàdà ọkùnrin tó lè sùn níbikíbi, títí kan abẹ́ ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè Hazel, Avril jókòó ro ọ̀rọ̀ yàrá. Nígbà náà ó ti bí èkejì, Corinne, àwọn méjèèjì ló sì ń pín yàrá kan. Kò lè kun ògiri, kò lè kan ìṣó. Ohun tó lè ṣe ni kó gbé yàrá náà dání lọ síbi gbogbo. Àpótí pákó tí ológun fi ń kó ẹrù wa, tí gbogbo wa máa ń dá padà, ó tọrọ méjì nínú rẹ̀, ó dá wọn dúró, ó rán aṣọ aláwọ̀ ewé bò wọ́n, wọ́n di tábìlì ìdí ibùsùn. Ó fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan férémù tó ń dá dúró, ó fi kọ́tìnì pupa kọ́ sára rẹ̀, ó gbé e sáàárín ibùsùn méjèèjì kí oníkálùkù lè ní ibi tirẹ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá kó dé, ó máa ń yí ibùsùn títí ilẹ̀kùn fi máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó bá sùn, fèrèsé á sì wà lọ́wọ́ òsì. Lẹ́yìn náà á to ẹrù tẹ̀lé ara wọn, ibùsùn, àpótí, férémù, àga, kí ọmọ tó bá jí lóru lè máa fọwọ́ tẹ̀ lé wọn títí yóò fi kan ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó máa ń di ojú ara rẹ̀ rìn ín wò.

Osnabrück, ìlú kan ní Jámánì, ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo kí i lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mo bá a tó ń ti ibùsùn kiri, ẹrù ilé ìdáná wà nílẹ̀ gátagàta.

Mo ní, "Avril, omi tíì ò tíì kaná, o ti ń tẹ́ ibùsùn! Ṣé ọbabìnrin ló ń bọ̀ wá sùn ni?"

Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ni."

Dennis ti ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀: "Bá mi sọ fún un o, Wyn. Èmi tí mo wakọ̀ láti àná, mi ò rí tíì mu, mi ò rí àga jókòó. Tí mo bá tún ayé wá, ọmọ rẹ̀ ni màá jẹ́, mi ò ní jẹ́ ọkọ rẹ̀ mọ́."

Òfin kan wà nínú yàrá yẹn, àwọn ọmọ ló fúnra wọn ṣe é. Ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé ló dára jù, nítorí ọmọ lè dùbúlẹ̀ kó máa wo ojú pópó, kó sì mọ irú ìlú tó wà. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ nílé yìí, tòun kọ́ nílé tó kàn. Wọn kì í jà lé e lórí. Corinne lè bá Hazel jà nítorí ìpápánu tàbí ìbọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá di ti fèrèsé, "ó kàn mí" ti parí ẹjọ́. Ní Osnabrück, Corinne ló kàn.

Ibẹ̀ ni Hazel wà tó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ilé ìwé tó ti lọ ti pọ̀ débi pé ó ti kọ́ ìṣirò pínpín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn kò sì tíì kọ́ ọ ní ìdajì àti ìdámẹ́ta rí. Ológun máa ń ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti lọ sí ilé ìwé tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi ọmọ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Avril kò fẹ́. Dennis ló ní, "Ṣé kó máa bá wa kiri bí àpótí?" Nínú oṣù kẹsàn-án, ọmọ náà wọkọ̀ òfúrufú lọ, wọ́n so káàdì orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa kó lọ sí ìlú mìíràn, kó tó di Kérésìmesì. Avril wádìí, wọ́n sọ fún un pé irú ilé kan náà ni. Ó lọ sí ìdí fóònù tí gbogbo wa jọ ń lò, ó ní kí wọ́n pe Hazel fún òun nílé ìwé. Mo tò sẹ́yìn rẹ̀ láti pe tèmi, mo gbọ́ ọ.

"Hazel, má fòyà. Irú ilé tí o mọ̀ yẹn náà ni. O lè dijú wọlé... Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni fèrèsé kàn. Corinne mọ̀... Dijú wọlé, ọmọ mi."

A kó débẹ̀. Ilé méjì-méjì tó fara ti ara wọn ni wọ́n fún wa, èmi ní apá kan, àwọn Rudd ní apá kejì. Òótọ́ ni, irú ilé kan náà ni. Ṣùgbọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ dà bí ìdajì kejì tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Gbogbo ohun tó wà lọ́tùn-ún nílé mi, òsì ló wà nílé tiwọn. Tèmi ló bá ti Osnabrück mu. Nígbà tí mo wọlé lọ kí i, Avril jókòó sórí tìmùtìmù láàárín yàrá, ó kẹ́sẹ̀ jọ.

Ó ní, "Wyn, òdìkejì ni."

A gbìyànjú. A yí ibùsùn síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún. Níbi tí orí ibùsùn ìbá wà kí ilẹ̀kùn tó lè bọ́ sọ́tùn-ún, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri ló wà níbẹ̀, ibùsùn á sì dí ẹnu ọ̀nà. Bí a ti wù kí a ṣe é, fèrèsé ló bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo ní, "Jẹ́ ká pààrọ̀ ilé. Kí ló kàn mí? Èmi àti ọkọ mi nìkan ni."

A lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó ilé. Kò gbójú sókè dáadáa.

"Mísísì Rudd, ẹ ti fọwọ́ sí gbogbo ohun tó wà nínú ilé yín. Ẹni yìí náà ti fọwọ́ sí tirẹ̀. Ilé kan náà sì ni. Kí ló yàtọ̀?"

Avril ní, "Ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ ni."

"Ṣé kò ṣí ni?"

"Ó ń ṣí, sà."

"Kí wá ni ká tún ṣe sí i?"

Nígbà tó délé, Dennis gbá a mọ́ra. "Avril, yàrá ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó ń dá wọkọ̀ òfúrufú, ṣé ilẹ̀kùn ni kò ní mọ̀?" Avril tún lọ ti ibùsùn wò. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kò ní tún pe Hazel. Ó ní òun á sọ fún un tó bá dé, pé ọ̀rọ̀ fóònù á kàn dẹ́rù bà á ni.

Hazel dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ó ti ga. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó lọ, Corinne sì ń sín in jẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè: "Ẹ jọ̀wọ́, ìyáàfin, ṣé ẹ lè bá mi mú ṣúgà?" Ó wọ yàrá, ó rí aṣọ aláwọ̀ ewé, ó rí kọ́tìnì pupa, ó ju ara rẹ̀ sórí ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé tòun ti bàtà. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ohun gbogbo wà lódìkejì. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, mo ti rí i. Èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́."

Ojú rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbọ́.

Lóru ọjọ́ náà, ariwo gíláàsì tó fọ́ ló jí èmi náà nínú ilé tèmi. Nígbà tí mo rí Hazel láàárọ̀, ó jókòó nídìí tábìlì, báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ti dìde lójú oorun, ó yà sọ́tùn-ún bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré, ó na ọwọ́ wá àpótí, kò bá a, irin tó ń mú yàrá gbóná kọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì ṣubú lu fèrèsé. Dennis ti fi páálí dí ojú ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáwàdà nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà.

Corinne ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá." Hazel fi ọwọ́ òsì gbé ife. "Corinne, máa sùn sẹ́bàá fèrèsé. N ò fẹ́ mọ́."

"Ìwọ ló kàn."

"Mo mọ̀. O jẹ mí ní gbèsè rẹ̀. Màá gbà á nílé tó kàn."

Avril ní, "Hazel, màá tún yàrá yẹn tò lónìí. Jẹ́ kí n..."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Mọ́mì. Nílé ìwé, mo mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́ ni, ì bá sàn fún ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, tó bá wálé lákòókò ìsinmi, kì í kó aṣọ kúrò nínú àpótí ìrìnàjò rẹ̀ mọ́. Wọ́n kó lọ sí ilé tó kàn, wọ́n kó lọ sí òmíràn. Corinne á gbé pílò Hazel sẹ́bàá fèrèsé, Hazel á gbé e padà. "Ó di ilé tó kàn." Nígbà tó yá, ó ń lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí àwọn òbí rẹ̀ kò kó kúrò lójú kan rí. Ní gbogbo ilé wọ̀nyẹn, Avril ò dẹ́kun àtimáa tẹ́ ibùsùn méjèèjì kó tó gbé omi kaná.

Dennis fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ra ilé kan lẹ́bàá Darlington, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n bí Avril. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ògiri jẹ́ tirẹ̀. Ó lè kùn ún ní àwọ̀ tó bá wù ú, ó lè kan ìṣó bó ṣe fẹ́. Kò kan ẹyọ kan. Ó to yàrá kan, ibùsùn méjì, àpótí méjì, kọ́tìnì pupa, ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, fèrèsé lósì. Corinne ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Hazel ń gbé ní Leeds, nínú fúláàtì kan tó kó sí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú rẹ̀ náà ló wà títí di òní, kò kó kúrò níbẹ̀ rí.

Nígbà tí Dennis kú, Hazel wá síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti túká, èmi àti Avril ń fọ ife, àwọn ọmọ méjèèjì sì wà lórí àtẹ̀gùn.

Corinne ní, "Mo ti tẹ́ ẹ fún ọ. Ẹ̀bá fèrèsé."

"Corinne, mo ti gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì."

"Mo jẹ ọ́ ní gbèsè."

Hazel rẹ́rìn-ín. "Látọjọ́ wo? Mo ti fi jì ọ́."

"Ta ló ní kí o fi jì mí? Wá sùn ni mo ní. Òru kan péré."

Hazel wọ yàrá náà wò. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹnu ko ìyá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì rí àpá tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mi ò lè sùn nílé onílé mọ́."

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Avril nu ọwọ́, ó gòkè, mo tẹ̀ lé e. Ó na aṣọ ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé tí kò sí ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Wyn, Corinne ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Èmi tí mo ní kó dijú wọlé, èmi ni mo jẹ ẹ́."

Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀, pé ó ti pẹ́.

Ó máa ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn náà lọ́jọ́ Sátidé. Bí Corinne bá wálé, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń sùn sí. Ẹnikẹ́ni kò tíì sùn sẹ́bàá fèrèsé.