Iyán Tí A Gún Nílé Ibùsùn Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹni tó bá rò pé ìwé ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà n'Íkẹ́rẹ́, kó má tan ara rẹ̀ jẹ. Iyán gígún ni, àgúnpamọ́ sì ni.

Nǹkan bí ọdún 1956 ni. Nílé ibùsùn wa, ẹ̀wà ni láàárọ̀, ẹ̀wà ni lálẹ́, garí tí kálukú rù wá láti ilé la fi ń tì í. Ọmọ Èkìtì wo ni yóò jẹ ẹ̀wà lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò ní òun ti jẹun? Iṣu sísè kò lófin, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gún un, nítorí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Sìmẹ́ńtì kò gbọdọ̀ sán. Ikùn tiwa lè sán. Ẹni tí wọ́n bá mú, ilé ló ń lọ.

Ilé yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bàbá mi yọ Ìbídùn, àbúrò mi obìnrin, kúrò nílé ìwé kó lè rọ́pò mi nínú oko kòkó wa lẹ́yìn Ẹmùré. Tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ kí n lè ka tèmi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀fun kò gbọ́ ìyẹn.

Jósẹ́fù, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ibùsùn wa jọ kángun síra, ló gbé odó àti iṣu wá láti ilé ìyá rẹ̀. "Uṣu rèé o," ló wí, "ọwọ́ dà?" Ní gbogbo Sátidé, àwọn káfíńtà ń kan òrùlé kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí òòlù wọn bá ti ń dún, àwa náà ń gún un. Bí wọ́n bá dúró mumi, a ó dúró, a ó máa bú wọn ní ọ̀lẹ.

Lọ́jọ́ kan, iyán ti kúnná, a ti ti ilẹ̀kùn, mo ti kó òkèlè kejì, ni mo bá rí òjìji èèyàn lójú fèrèsé. Ìyá mi ti kọ́ mi láti kékeré pé èèyàn kì í jẹun kó má pe ẹni tó bá a níbẹ̀. Ẹnu mi kò bi mí léèrè rárá.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wá bá wa jẹun!"

Ohùn kan dáhùn níta: "A dúpẹ́ o. Yóò gba ibi ire."

Yéè! Ọ̀gá Ilé ni, tíṣà tó ń ṣọ́ ilé ibùsùn! Jósẹ́fù wò mí bí ẹni pé kó gbé mi sódó. Ó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá wo odó, ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Àjàyí, ìwọ lo pè mí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má lé mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà sì ti ṣàdúrà sí i. Ṣé mo lè ní kí iyán gba ibi ire, kí n tún lé àwọn tó jẹ ẹ́?"

Ó gba odó lọ́wọ́ wa. Ìjìyà wa ni pé ká máa wá gún iyán fún un ní gbogbo Sátidé títí di ìdánwò. Ilẹ̀ ilé tirẹ̀, erùpẹ̀ ni. Òfin kò dé ibẹ̀.

Mo yege. Nígbà tí mo délé, mo ròyìn iyán náà fún wọn, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ìbídùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "nítorí iyán lẹ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìwé tèmi nù?"

Ojú tì mí, ó tì mí gan-an.

Ní January, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà l'Ẹ́mùré. Orúkọ tí mo kọ́kọ́ kọ sínú rẹ́jísítà mi kì í ṣe ti ọmọdé. Bàbá mi bínú títí wọ́n fi ká kòkó ọdún náà tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo pe Ìbídùn. Ó dìde láàárín àwọn ọmọ tí kò ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ.

"Mo wà ńbí, sà."