Obìnrin Tí A Kò Bèèrè Orúkọ Rẹ̀

Ọmọbìnrin mi ló bi wá ní ìbéèrè kan tó da orí gbogbo wa rú. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. A ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a ti jẹun tán, àwa mẹ́rin sì jókòó sínú pálọ̀ mi ní Rippleside nílùú Ọba, à ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò wa sí Japan. Yunifásítì kan náà ni èmi àti àwọn àlejò mi jọ lọ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ oníjó àti eléré kan náà la sì wà níbẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, wọ́n pe ẹgbẹ́ wa sí Japan pé kí a wá ṣeré, a sì lọ. Ní báyìí tí irun ti funfun, tí orúnkún ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà nínú wa dá a lábàá pé kí gbogbo wa tún padà lọ papọ̀, kí a rí àwọn ìlú tí a ti ṣeré, kí a sì jó díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá gbà.

Èmi kò tiẹ̀ bìkítà fún ijó. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ rí. Ní ìlú kékeré kan létí òkun, wọ́n pín wa sílé àwọn ará ìlú kí a lè rí ibi sùn, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń dá gbé ni èmi bọ́ sí. Kò pẹ́ tí a débẹ̀ tí ibà tí mo gbé láti ilé wá fi dá mi dùbúlẹ̀. Ẹgbẹ́ ní láti lọ ṣeré ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin yẹn ló ń fi aṣọ tútù nu ara mi. Ó ń se ìrẹsì títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó ń fi ṣíbí kékeré bù ú sí mi lẹ́nu, bí mo bá sì bì í, á tún lọ se òmíràn. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi padà dé, mọ́tò ti ń fun fèrè níta, wọ́n fà mí jáde bí ẹni fa ewúrẹ́. Mo kàn ní, "Ẹ ṣé, Màmá," mo sì lọ.

Nílé wa, ìyẹn kì í ṣe ọpẹ́. Bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, o óò jí lọ sílé rẹ̀ lọ́la, o óò kúnlẹ̀, o óò ní ẹ ṣé àná. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọmọge ni mí nígbà tí mo jẹ gbèsè ọpẹ́ yìí, mo sì ti di ìyá àgbà báyìí, n kò tíì padà lọ. Bí obìnrin náà bá ṣì wà láàyè, yóò ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Mo fẹ́ bá a láyé.

Ìgbà tí mo ṣàlàyé èyí tán ni ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀.

"Okay, Mummy, what's the lady's name? Jẹ́ kí n search fún yín."

"Màmá," ni mo wí.

"No, her actual name."

Mo wo Kábíyèsí, Kábíyèsí náà wò mí. Kábíyèsí là ń pe ọ̀kan nínú wa títí di òní nítorí pé òun ló máa ń ṣe ọba nínú eré wa. Longbridge nítòsí ibí ló ń gbé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lórí ìtẹ́.

"Màmá là ń pè é now," ni ó dáhùn. "Ilé kejì ni wọ́n fi èmi sí, but ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti ń jẹun every day. Everybody ń pè é ní Màmá."

"So Uncle, she fed you, she nursed my mum, and not one of you asked her name?"

"Ha! Ṣé mate wa ni? Who asks an elder for her name? Kí wọ́n ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

"That's mad, you know. Mummy, that's actually mad."

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ìyá bàbá rẹ̀, tí mo bá gbé, tí mo wẹ̀ fún nígbà àìsàn, ọjọ́ tí a sin ín ni mo tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gangan. Títí dọjọ́ náà, Ìyá ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi. Mo rò pé mo ti borí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kó àwo lọ sí kíṣìnnì, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gún mí lọ́kàn. Ìwà ọmọlúàbí ni mo hù sí obìnrin yẹn. Kí ló wá dé tó fi dà bí ẹni pé mo sọ nǹkan rẹ̀ nù?

Nígbà tí mo fi máa padà sí pálọ̀, wọ́n ti ń dá orúkọ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó máa ń dá orin wa ní òun rántí pé "ko" ló parí rẹ̀. Ọmọ mi ní ọ̀pọ̀ obìnrin àgbà ní Japan ni orúkọ wọn parí bẹ́ẹ̀. Kábíyèsí ní ó dà bíi pé "mi" wà nínú rẹ̀ níbì kan. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Olùkọ́ tó kó wa lọ ìbá mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú tipẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní láti ilé náà, èmi nìkan ló wà nínú rẹ̀, mo rù kan eegun; obìnrin náà ló di kámẹ́rà mú.

"Don't worry," ni Kábíyèsí wí bó ṣe ń wọ kóòtù rẹ̀. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Once we see her, a máa mọ̀ ọ́n."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú rẹ̀ wò nínú ọkàn mi. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi láti Barking lọ síbi iṣẹ́, n óò di ojú, n óò máa to ojú rẹ̀ pọ̀, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó pé. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ó ti ń wọ awò ojú. Ṣé ó máa ń wọ awò ojú? N kò mọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo rí i pé ó ní èjí. Ta ló fi èjí sí i? Ọjọ́ Àìkú kan, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbójú sókè wo ìyá ìjọ wa, ẹ̀rù sì bà mí. Ojú ìyá ìjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú paraku, ni mo ti ń gbé wọ obìnrin Japan láti ìgbà yìí wá. Ojú tirẹ̀ gan-an ti lọ, n kò sì mọ ọjọ́ tó lọ.

N kò sọ fún ẹnì kankan. Mo lọ ra kúbùsù fún un ní ọjà East Street, ọkùnrin tó ń tà á sì bi mí pé ta ni mo fẹ́ rà á fún, ṣé onítọ̀hún ga ni àbí ó kúrú. Mo ní, "It's for my mum." Ó mú búlúù kan fún mi, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Obìnrin tí yóò máa mú wa kiri ní Japan ti ránṣẹ́ ṣáájú sí àwọn ará ìlú etí òkun náà. Èsì tó fún wa ni pé wọ́n ti rí àwọn ènìyàn, kí a máa bọ̀. "Àwọn ènìyàn" ló wí. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàdé wa lọ́hùn-ún, a dì mọ́ra, a pariwo, kálukú ń sọ fún ẹnìkejì pé kò yí padà rárá. Irọ́ funfun báláú ni. A dé ìlú náà ní òwúrọ̀ kan tí òjò ń ṣẹ́, wọ́n sì gbà wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n ní kí a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Àwa ọmọ ìjọ aṣọ funfun kò rí i bí ìṣòro, kì í ṣe òní la ti ń bọ́ bàtà. Kábíyèsí tó wọ bàtà olókùn dé ọrùn ẹsẹ̀ ló dá wa dúró, tó ń tú u, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo wọlé. Obìnrin àgbà mẹ́ta ló jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọmọ kálukú dúró tì í.

Obìnrin tó ń mú wa kiri ṣàlàyé. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè ló wá sí ìlú náà lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ló gbà wọ́n, kò sì sí ẹni tó rántí ẹni tó gba ta ni. Àwọn mẹ́ta yìí ló ṣì wà láàyè nínú àwọn tó gba ọmọ Áfíríkà. Ó wá yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní èwo ni.

Kí n tó la ẹnu, Kábíyèsí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni àkọ́kọ́. "Màmá! Òun nìyí! Ó dá mi lójú!" Ẹnìkejì rẹ́rìn-ín músẹ́, Kábíyèsí bá tún sún lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyẹn náà. Inú bí mi débi pé n kò mọ ibi tí n bá wò. Obìnrin àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún wa: ó ní ọkùnrin ni àwọn tí wọ́n fi sọ́dọ̀ òun, wọ́n dára, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀kùn oníbébà òun. Kábíyèsí rọra dìde. Obìnrin kejì ní ọmọbìnrin gíga kan tó máa ń kọrin láàárọ̀ ni tòun, kò ṣàìsàn rárá. Mi ò ga, n kò sì lóhùn orin.

Ọmọ ẹnìkẹta ló gbẹnu sọ fún un. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá òun máa ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ṣàìsàn nílé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá bàbá òun ni òun ń gbé nígbà náà, òun kò rí i. Ó ní ìyá òun kò tún mọ ènìyàn mọ́ báyìí, kódà òun tí òun bí i, ọjọ́ mìíràn kò mọ òun.

Mo wo obìnrin náà. Ara rẹ̀ ti kéré, irun rẹ̀ funfun nini, ó ń wo fèrèsé. Mo wò ó títí. N kò rí nǹkan kan tí mo mọ̀. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi ń wo ẹnu mi. Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn méjì tẹrí ba lórí àga wọn. Ẹnìkẹta di apá àga rẹ̀ mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní níwájú mi, ó sì tẹrí rẹ̀ wálẹ̀.

Ìyẹn ló rán mi létí ohun tí mo ti gbàgbé pátápátá láti ìgbà èwe mi. Ní ọjọ́ díẹ̀ tí mo lò kí ibà tó dá mi dùbúlẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí obìnrin ilé yẹn láràárọ̀. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, òun náà á kúnlẹ̀. Kí ni mo rí yìí? Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. N óò bá tẹ̀ sí i kí tèmi lè relẹ̀ ju tirẹ̀, òun náà á tún tẹ̀ sí i, títí iwájú orí àwa méjèèjì á fi kan ẹní, kò sì ní sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Mo ní òun ni!

Ọmọ rẹ̀ sáré wá dì í mú, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má bínú, ìyá òun a máa kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn báyìí, àní fún ẹni tó ń kó lẹ́tà wá.

Orí mi wá dàrú tán. Òun ni, òun kọ́, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, n kò sì lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ títí iwájú orí mi fi kan ẹní, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí kò sí èdè mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́.

"Màmá, ẹ ṣé àná. Mo pẹ́. Ìrẹsì tí ẹ sè, ẹ ṣé. Èyí tí mo bì tí ẹ tún lọ se òmíràn, ẹ ṣé. Ara mi ti yá, mo ti bímọ. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ jẹ́ àgbà, ẹ bá mi jíṣẹ́ fún un níbikíbi tó bá wà."

Ó dáhùn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ni, ó sọ ọ́ sílẹ̀ láìgbórí sókè. Obìnrin tó ń mú wa kiri bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì na ọwọ́ sí i pé kó má túmọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá jẹ́ pé ó ń bèèrè pé ta ni mí ńkọ́?

A ta kúbùsù náà bò ó léjìká, ọmọ rẹ̀ gbé e dìde. Nínú mọ́tò, Kábíyèsí wá jókòó tì mí, ó ń fi okùn bàtà rẹ̀ ṣeré, ó rọra bi mí pé, "So, òun ni àbí òun kọ́?"

Mo ní kó jẹ́ kí n sunkún mi tán ná.