Bọ̀dá Ìṣẹ́jú-Kan àti Íńtánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Wọ́ Nílẹ̀

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ olóògbé Bọ̀dá Ìṣẹ́jú-Kan, ọjọ́ tó pa íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò náà, Àǹtí Atẹ̀wé, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n pa íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa parí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti òwúrọ̀ ni àwọn òbí ti kún ṣọ́ọ̀bù náà dé ẹnu ọ̀nà, tàwọn tọmọ wọn, wọ́n di ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò pélébé mọ́wọ́. Àǹtí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹjú mọ́ òbìrìkìtì kékeré tó máa ń yí pòòyì lójú ẹ̀rọ nígbà tí nǹkan bá ń falẹ̀. Obìnrin kan pọn ọmọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ti sùn, ó ti jí, ó ti sunkún, ó sì ti tún sùn. Òbìrìkìtì ṣì ń yí.

Ni Bọ̀dá bá wọlé, ó yọjú lórí èjìká àbúrò rẹ̀.

"Fún mi ní ìṣẹ́jú kan," ni ó wí.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ rí èrò?"

"Èrò yìí gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ fọwọ́ kàn án."

Ìwé há sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lápá kejì, Àǹtí sì dìde kó lọ fà á yọ. Kó tó yíjú padà, Bọ̀dá ti jókòó, ó ti wọ inú sẹ́tíńsì lọ, níbi tí wọ́n ti ń to bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, òbìrìkìtì sì ti dúró. Bọ̀dá nawọ́ sí i bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun han ará ilé. "Mo rí nǹkan kan níbẹ̀ tó ń dá gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì yìí lò," ó ní, "mo sì pa á." Ohun tó pa náà ni ohun tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ.

Wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa jí i padà, wọ́n wá a tì lọ́jọ́ yẹn, nítorí Bọ̀dá kò rántí ibi tó gbà wọlé mọ́. Èrò dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí, ó di ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwọn. Bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Bọ̀dá, ó wo Àǹtí, ó rí i pé wọ́n jọra. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ni?" Àǹtí ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Lónìí kọ́. Ó di ọ̀la," ni ó dáhùn.

Kì í ṣe pé Bọ̀dá ya òmùgọ̀. Aago ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ṣe, kó tó di pé ojú fóònù ni gbogbo èèyàn ti ń wo aago. Nínú aago àtijọ́, irin tín-ín-rín kan wà. Tí aago bá ń falẹ̀, wọ́n á fi imú abẹ́rẹ́ tì í díẹ̀ sápá kan, aago á sì yára. Irin yìí ló ba ẹ̀gbọ́n òun jẹ́, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe máa ń wí. Bọ̀dá ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé kò sí ohun tó ń falẹ̀ láyé tí wọn ò fi irú irin bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀.

"Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí mọ ibi tó wà," ó máa ń wí. "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tì í sẹ́yìn kí o lè ra tuntun ni."

"Bọ̀dá, íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe aago."

"Kí ló wá dé tí aago fi wà nínú rẹ̀?" Á sì nàka sí igun ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí aago kékeré kan wà lóòótọ́.

Ó wá irin náà títí. Ó yí àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà padà, ó sọ lẹ́tà di kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí fi ní láti ra awò ojú. Ó yí bí ọfà ojú ẹ̀rọ ṣe ń rìn padà, débi pé bí Àǹtí bá mí sí i lásán, ọfà á ti sá dé òpin ayé. Àǹtí figbe ta. "Ṣebí nǹkan kan ti yára báyìí," ni Bọ̀dá wí.

Èyí tó dun Àǹtí jù ni ti ìyá wọn. Àwòrán ìyá náà, tó ti ṣaláìsí, ló máa ń kọ́kọ́ yọ tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà. Láràárọ̀ ni Àǹtí máa ń kí i kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó tan ẹ̀rọ, ojú dúdú kirimú ló bá.

"Bọ̀dá, Màmá dà?"

"Mo ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ẹrù ti pọ̀ jù lójú ẹ̀rọ yìí, kò lè sáré."

"Ìyá tó bí yín lẹ pè lẹ́rù?"

"Wọn ò ní bínú. Nígbà tí wọ́n wà láyé náà, wọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ tí ọkọ̀ bá fẹ́ gun òkè."

Àǹtí bínú gidigidi. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún bá a sọ̀rọ̀. Bọ̀dá kò tìtorí ìyẹn má wá. Ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń jókòó, kọ̀ǹpútà ló sì ń bá sọ̀rọ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, oníbàárà ń dín kù. Ṣọ́ọ̀bù òdìkejì ń tẹ̀wé fún àwọn tó ti ń tẹ̀wé lọ́dọ̀ Àǹtí láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúńdíá. Nígbà tí ara Àǹtí kò gbà á mọ́, ó gba ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ń tà wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì lọ láti lọ jà. Bọ̀dá tẹ̀ lé e, ó ní òun máa báwọn sọ òyìnbó inú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló dá wọn lóhùn níbẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ yàrá. Bọ̀dá ka gbogbo ohun tó ti yí nínú sẹ́tíńsì fún un. Ọmọ náà fara balẹ̀ gbọ́.

"Bàbá, ẹ gbà á bí omi ẹ̀rọ," ó ní. "Tí omi tó ń bọ̀ bá kéré, bó ti wù kẹ́ ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ tó, ṣé á pọ̀ sí i?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n tí ìdọ̀tí bá dí ẹnu ẹ̀rọ ńkọ́?"

Ọmọ náà rò ó wò. "Tẹ́ ẹ bá kó ìdọ̀tí kúrò, ẹ ó rí ìwọ̀n omi tó yẹ kẹ́ ẹ rí. Ẹ ò lè rí ju èyí tá a fi ránṣẹ́ lọ."

Bọ̀dá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O gbọ́? Ó ní mo jàre."

Ohun mìíràn ni Àǹtí gbọ́. "Ọmọ mi, mélòó gan-an lẹ wá ń fi ránṣẹ́ sí mi?"

"Ẹ̀rọ wa fi hàn pé ó ń dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa, mà. Ẹ lọ wo sẹ́tíńsì yín."

Àǹtí fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì débi tí ẹ̀ṣọ́ fi wọlé. Ó sọ̀rọ̀ burúkú sí tábìlì, sí ẹ̀ṣọ́, sí àwòrán ẹlẹ́rìn-ín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú wọn jáde. Inú ń bí i wá sílé. Bọ̀dá ń mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọmọ yẹn lóye," ó ní. "Ká ní wọ́n fún un ní sẹ́tíńsì wò ni."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe é re. Ó rí ètò kan tó ń fa nǹkan wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ dalẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò rán an níṣẹ́, ó dá a dúró, ìwé sì ń ṣí wéré-wéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú Àǹtí dùn títí di ọjọ́ kejì, tí òbìrìkìtì fi tún bẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí ti kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ; omi náà ni kò sí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ìyẹn fún Bọ̀dá mọ́. Ó ti rí irin rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé e dè. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Àǹtí gbé fóònù lọ bá a, kó lè rí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun. Àwòrán ọmọ náà yọ, ó la ẹnu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ ní lílà.

"Gbé e wá," ni Bọ̀dá wí. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

Àǹtí kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé e fún un. Bọ̀dá tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, àwòrán mira, ọmọ náà sì ń kí bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Bọ̀dá wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó jẹ oyè.

"Bọ̀dá, ọmọ yín ló jáde sí gbangba kó lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ta ló mú kó jáde?" ni Bọ̀dá bi í.

Ó kú kó tó di ọjọ́ ìsinmi. Àwọn tó wá kí wọn kún yàrá, wọ́n ń ròyìn òkú bí wọ́n ṣe máa ń ròyìn òkú. Ọ̀kan ní, "Bọ̀dá mọ kọ̀ǹpútà." Àǹtí gbé orí sókè. "Wọn ò mọ nǹkan kan níbẹ̀," ó ní. "Wọn ò mọ nǹkan kan, wọ́n sì bà mí lójú jẹ́, wọ́n lé èèyàn lọ fún mi. Ẹ má purọ́ mọ́ wọn lójú mi." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, àwọn èèyàn sì rí ibi tí wọ́n máa dì í mú láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìbínú yẹn ló gbé e padà sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbá tábìlì. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ní òun ò níbi tí òun ń lọ. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti tilẹ̀kùn, wọ́n ní oníṣẹ́ wọn máa wá láàárọ̀. Oníṣẹ́ náà gun òpó iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tú ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, ìpẹtà bọ́ sílẹ̀ bí eérú. "Omi ti ń wọ inú rẹ̀ tipẹ́, mà," ó ní látòkè. Ó gé e, ó so tuntun, ó sọ̀kalẹ̀.

Àǹtí tan kọ̀ǹpútà. Kò sí òbìrìkìtì. Gbogbo nǹkan tó tẹ̀ ń ṣí kó tó gbé ìka kúrò. Ó yẹ kó yọ̀, ṣùgbọ́n inú ló ń bí i, inú ń bí i sí òpó, sí wáyà, sí ọmọ ohùn tútù, sí iṣẹ́ kékeré tí kò sẹ́ni tó wá ṣe nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fìyà jẹ ojú ara rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ó jókòó nínú ìyára yẹn, kò rẹ́ni bá jà.

Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òpópónà kejì mú ìwé kan wá kó bá a fi ránṣẹ́. Ìwé náà lọ kó tó fìdí kan àga.

"Áà," ló wí, "àṣé ohun tí Bọ̀dá máa ń yí níbẹ̀ yẹn, ó padà ṣiṣẹ́."

Àǹtí yí àga rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ wáyà, ọ̀rọ̀ òpó, ọ̀rọ̀ omi àti ìpẹtà, gbogbo rẹ̀ ti tò sẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà. Ó wo àga tó jókòó lé, àga tí ẹlòmíràn máa ń jókòó lé láti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó kàn pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ni."